Bẹ́ ẹ ṣe máa dúró sinmi l'Abuja tẹ́ ẹ bá ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn, kí ìrìn náà má bàa parí síbẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fẹsẹ̀ rìn láti ìpínlẹ̀ kan sí ìkejì, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń múra àtibẹ̀rẹ̀, ẹ fún mi létí díẹ̀. Gbogbo èèyàn ló máa ń bi mí bí mo ṣe ń rìn, kílómítà mélòó lójúmọ́, bàtà wo ni mo wọ̀, ta ló ń fún mi lóúnjẹ lọ́nà. Kò sẹ́ni tó máa ń bèèrè bí mo ṣe ń sinmi, bẹ́ẹ̀ níbi ìsinmi yẹn gan-an ni ìrìn ti máa ń bàjẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Èèyàn á rìn láti Ìbàdàn dé Lọ́kọ́jà láìsí wàhálà, á wá dé ilé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kan, á sùn fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, ọjọ́ tó bá máa dìde, orúnkún ò ní ṣe é ká mọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ á ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, bó ṣe máa wọ mọ́tò padà sílé nìyẹn. Ìsinmi náà níṣẹ́ nínú, tẹ́ ẹ bá ṣe é dáadáa ẹ máa lè tẹ̀ síwájú, tẹ́ ẹ ò bá ṣe é dáadáa ibẹ̀ ló máa parí sí.

Èmi Ìbàdàn ni mo ti gbéra. Mo gba Ifẹ̀, Iléṣà, Akúrẹ́, Ọ̀wọ̀, títí mo fi já sí Kàbà àti Lọ́kọ́jà níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, mo wá tọ ọ̀nà Abaji, Kwali àti Gwagwalada wọ Abuja. Ibi tí àwọn ará abúlé tàbí àwọn sójà bá ti ní kí n má fẹsẹ̀ gbà, mo máa ń wọ mọ́tò kọjá ibẹ̀ ni, kò sì dùn mí. Ọjọ́ 34 ni gbogbo ẹ̀ gbà mí. Ẹ rántí ọkùnrin tó rìn láti Èkó dé Abuja lọ́dún 2015 nígbà tí Buhari wọlé ìbò, ọjọ́ 18 lòun fi rìn ín, ẹsẹ̀ ò dọ́gba, kí ẹnikẹ́ni má fi tiẹ̀ wé tẹlòmíì. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Kubwa, l'Abuja níbẹ̀, ni mo dúró sí, ọjọ́ 16 ni mo lò níbẹ̀, ohun tí mo kọ́ láàárín ọjọ́ 16 yẹn ni mò ń kọ sílẹ̀ yìí.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sùn. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti kí àwọn onílé tán, tẹ́ ẹ ti mumi, ẹ tọrọ àpótí kékeré kan àti abọ́ ńlá kan, ẹ jókòó sẹ́yìn ilé, ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ wá wo ẹsẹ̀ yín bí ìyá àgbà ṣe máa ń yẹ ara ọmọ tuntun wò. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe èyí tó gbóná gan-an, torí ẹsẹ̀ tó ti rìn títí kì í tètè mọ̀ pé omi ń jó òun. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ ya ìka ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá ọmọ ìka tó kéré jù àti èyí tó tẹ̀ lé e, àárín wọn yẹn ló máa ń funfun, tí á máa bó, tí á máa rùn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ nù gbẹ jù. Tẹ́ ẹ ò bá lè rí àtẹ́lẹsẹ̀ yín dáadáa, ẹ fi fóònù yà á. Mo ní fọ́tò àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì fún gbogbo ọjọ́ tí mo lò ní Kubwa, àràárọ̀ ni mo máa ń fi tòní wé tàná kí n lè mọ̀ bóyá ó ń san àbí ó ń burú sí i.

Ìléròrò tí ò tíì bẹ́, ẹ fi í sílẹ̀, awọ òkè ẹ̀ yẹn ni bándéèjì tí Ọlọ́run fi wé e. Tó bá tóbi débi tẹ́ ò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fọ ibẹ̀ mọ́, ẹ ra abẹ́rẹ́ tuntun ní kẹ́mísì, ẹ gún un díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí omi inú ẹ̀ jáde, ẹ má bó awọ náà, ẹ fi nǹkan tó mọ́ bò ó. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ ní Abaji. Bíléèdì ni mo fi gé tèmi dànù pátápátá torí mo ń kánjú, kí n tó dé Gwagwalada ó ti ń ṣọyún, ọjọ́ márùn-ún ni nọ́ọ̀sì fi wẹ ojú ẹ̀ fún mi ní Kubwa, mo ń di ọwọ́ àga mú lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ kó má dá ọwọ́ lé tiẹ̀ rárá, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó lọ. Èékánná tó bá dúdú, ẹ má fà á, ó máa bọ́ fúnra ẹ̀ tí tuntun bá ti hù lábẹ́ ẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fojú kéré. Lẹ́yìn ìrìn gígùn, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wú díẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun, tẹ́ ẹ bá gbé wọn lé ògiri fún ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀ àti lálẹ́ ó máa fà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ẹ̀ ń ro yín, tó gbóná sọ́wọ́, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi róòbù tẹ̀ ẹ́, torí ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì síbẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn bá sì kúrò níbẹ̀ tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa èèyàn.

Ó wá ku bẹ́ ẹ ṣe máa lo àwọn ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, inú ilé ni kẹ́ ẹ wà, ẹ wọ sílípáàsì, ẹ jẹun, ẹ sùn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n dé ẹnu géètì, "Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹn sinmi, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní mi ò tọ́jú yín ni?" Ọjọ́ kẹta ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láàárọ̀ kùtù, ogún ìṣẹ́jú péré, láìgbé nǹkan kan. Tí kò bá dùn yín, ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un, títí tó fi máa di bíi kílómítà márùn-ún lójúmọ́, kó tó ku ọjọ́ mẹ́ta tẹ́ ẹ máa gbéra kẹ́ ẹ wá gbé báàgì yín tòun ti gbogbo ẹrù inú ẹ̀, kẹ́ ẹ rin kílómítà mẹ́wàá, lọ bọ̀. Èyí ló máa ń jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ le, ṣebí ìrìn ló mú un le láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó títí ọjọ́ tó máa gbéra, ìléròrò ló máa bẹ̀rẹ̀ látọ̀tun.

Bàtà ńkọ́? Ẹ yọ okùn ẹ̀, ẹ yọ tìmùtìmù inú ẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀ dànù, ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi tútù, ẹ ki ìwé ìròyìn sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé e síbi tí atẹ́gùn wà lábẹ́ òjìji. Òjìji ni mo wí o. Èmi gbé tèmi sórí fẹ́ǹsì lọ́sàn-án gangan, nígbà tí mo padà dé, gọ́ọ̀mù abẹ́ ẹ̀ ti yọ́, bàtà ọ̀tún ti lanu bí ẹja. Mo gbé e lọ bá aránbàtà kan tó máa ń jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ọmọ Hausa ni, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì lu àpótí onígi ẹ̀ kó, kó, kó, kí àwọn oníbàárà lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó gba bàtà náà, ó tẹ̀ ẹ́, ó la ẹnu ẹ̀ sí i, ó wo ojú mi, ó nawọ́ sí òkè, ó ní "Rana ce", oòrùn ni. Kò sọ nǹkan míì. Ó fa òwú gbọọrọ kan jáde, ó ń fi ìda pa á, ó wá rán bàtà náà yíká láti iwájú dé gìgísẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń fa òwú yẹn mọ́lẹ̀ tí iṣan ọwọ́ ẹ̀ ń yọ. Nígbà tó yá, bàtà òsì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gọ́ọ̀mù, èyí tó rán yẹn ò mì. Mo padà lọ ní kó rán òsì náà fún mi. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n rán méjèèjì kẹ́ ẹ tó kúrò l'Abuja, kódà tí kò bá tíì bàjẹ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra òmíì, ẹ lọ nírọ̀lẹ́ tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kẹ́ ẹ sì wọ ìbọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi rìn lọ wò ó. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń rin ọ̀nà jíjìn máa ń gbòòrò, nọ́ńbà tẹ́ ẹ wọ̀ kúrò nílé lè má gba yín mọ́. Ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ti ń ta gwanjo, bí wọ́n ṣe ń pe òkìríkà níbí nìyẹn, bàtà gidi máa ń wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá tètè dé. Ẹ tún máa gbọ́ tí nǹkan ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ ládùúgbò láàárọ̀, àlùmọ́gàjí ọkùnrin tó ń kiri gé èékánná ni. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́, àmọ́ ẹ fún un ní irinṣẹ́ tiyín kó fi gé e, ẹsẹ̀ tó lójú egbò ò yẹ kó bá ẹlòmíì pín irin. Kó gé e gbọnrangandan, kó má gé e wọnú ẹran.

Nípa bẹ́ ẹ ṣe máa gbé nílé onílé, ibí ni ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ èèyàn láti sọ̀rọ̀, àmọ́ ó yẹ ká sọ ọ́. Ẹni tó gbà yín sílé l'Abuja ń ra omi. Kì í ṣe gbogbo ilé ni omi ti ń yọ ní ẹ̀rọ, mai ruwa, ìyẹn ẹni tó ń ta omi, ló ń fi ọmọlanke gbé kẹ́ẹ̀gì wá, kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan lówó lórí, ẹ̀yin sì ti gbé aṣọ tó ti gba eruku láti Lọ́kọ́jà dé, omi mélòó ló máa fọ̀ ọ́ mọ́? Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta tí mo dé, mo dúró de mai ruwa lẹ́nu géètì, mo ra ọmọlanke kan gbáko, mo ní kó da gbogbo ẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kí n tó fi ọwọ́ kan ọṣẹ. Inú wọn dùn ju kí n ra búrẹ́dì wá lọ. Ẹ ra gáàsì tó bá ti ń tán. Ẹ ní ọṣẹ tiyín, ẹ ní kànìnkànìn tiyín, ẹ jí kẹ́ ẹ gbálẹ̀ ibi tẹ́ ẹ sùn. Tí NEPA bá mú iná wá, ẹ má fi páwà báǹkì àti fóònù méjì gba gbogbo ihò iná, àwọn ọmọ ilé náà fẹ́ ṣájì. Kẹ́ ẹ sì sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀. Tí ọjọ́ yẹn bá máa yẹ̀, ẹ tètè sọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fojú ṣírò yín.

Tó bá jẹ́ abúlé lẹ ti dúró, bíi àwọn abúlé ẹ̀bá ọ̀nà Kwali, ọ̀dọ̀ mai unguwa, ìyẹn baálẹ̀ ibẹ̀, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, ẹ bọ́ bàtà, ẹ kí i, ẹ fi NIN yín hàn, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lò. Lásìkò yìí, àlejò tó gbé báàgì ńlá, tí kò lọ kí ẹnikẹ́ni, ìfura ló máa dá sílẹ̀. "Ina kwana" láàárọ̀, "ina wuni" lọ́sàn-án, "sannu da aiki" fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, "nawa ne?" tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọye, "na gode" tẹ́ ẹ bá gba nǹkan, pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún. Tó bá jẹ́ oṣù Ramadan, ẹ má jẹun ní gbangba. Kwali yìí náà, tẹ́ ẹ bá ní 20 naira lọ́wọ́, ẹ yí i sẹ́yìn, obìnrin amọ̀kòkò tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀, Ladi Kwali, ọmọ ìlú yẹn ni. Mo jókòó sábẹ́ igi kan níbẹ̀ mo ń wo owó yẹn fún ìgbà díẹ̀, mi ò tíì wò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Oúnjẹ ò yẹ kó le. Ara tó ti rìn títí ń fẹ́ èyí tó máa tún ẹran ara ṣe, ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, àwàrà tí wọ́n fi sóyà ṣe tí wọ́n ń dín lẹ́bàá ọ̀nà, ó dùn kò sì wọ́n. Láàárọ̀, kósáì, ìyẹn àkàrà, pẹ̀lú kunu gbígbóná. Masa tí wọ́n fi ìrẹsì dín náà dáa. Ẹni tí àmàlà ń pè á rí àmàlà, ní Kubwa, ní Nyanya, ní Mararaba, ní Lugbe, àwọn èèyàn wa pọ̀ níbẹ̀. Fura da nono ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, mo fẹ́ràn ẹ̀ o, ṣùgbọ́n wàrà tí wọn ò sè lè da inú yín rú nígbà tó ku ọ̀la kẹ́ ẹ gbéra, ẹ mu ún níbẹ̀rẹ̀ ìsinmi yín, lọ́dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀. Tí inú bá ṣàn, lítà kan omi tó mọ́, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tẹ́ ẹ gé ojú ẹ̀ dọ́gba, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, ẹ rò ó pọ̀, ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀.

Tí ọyẹ́ bá wà nílẹ̀, ètè á là, gìgísẹ̀ á là, òrí ni kẹ́ ẹ rà, man kadanya ni wọ́n ń pè é lọ́jà, ìpínlẹ̀ Niger tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abuja níbẹ̀ ni igi ẹ̀ pọ̀ sí. Alaalẹ́ ni kẹ́ ẹ fi pa ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó mọ́ lé e, àmọ́ ẹ má fi sí àárín ìka. Ibà tó bá mú yín, ẹ má kàn gbé oògùn mì, ẹ jẹ́ kí wọ́n gún yín níka kí wọ́n fi yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní kẹ́mísì. Àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀ sì ni àrùn ọrùn líle, tí wọ́n ń pè ní sankarau, máa ń jà jù lápá òkè ọya, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má sùn nínú yàrá tí èrò kún tí kò ní fèrèsé, tí ibà bá mú ọrùn líle àti orí fífọ́ dání, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Báàgì yín náà fẹ́ sinmi. Ẹ tú u sílẹ̀ pátá, gbogbo ohun tẹ́ ò tíì lò láti ìgbà tẹ́ ẹ ti kúrò nílé, ẹ fi wébìlì ránṣẹ́ padà láti gáréèjì, Jabi tàbí Zuba. Mo dá ìkòkò kan, ṣòkòtò jíǹsì méjì àti ìwé ńlá kan padà, èjìká mi mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èjìká yìí náà ni mo ń rò nígbà tí mo rí àwọn obìnrin Gbagyi, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ Abuja, wọn kì í ru ẹrù lórí bíi tiwa, èjìká ni wọ́n ń gbé e lé, ẹ̀yìn wọn sì nà gbọọrọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde nígboro, ẹ má wọ ẹ̀lóòǹgì lálẹ́, ìyẹn àwọn mọ́tò aládàáni tó ń gbé èrò lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn wanṣáǹsì tó ń ja èrò lólè wà nínú wọn. Ẹ ní kí ẹni tó gbà yín sílé bá yín pe ẹni tó mọ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọkàn máa rẹ̀wẹ̀sì. Ní nǹkan bíi ọjọ́ kẹfà, mo ń jí ní aago mẹ́rin àbọ̀, ẹsẹ̀ ń fò lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó ṣì wà lọ́nà, gbogbo ilé ń sùn, mi ò níbi tí mò ń lọ, ẹkún sì ń gbọ̀n mí láìnídìí. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wá iṣẹ́ kékeré kan fún ara yín láàárọ̀, èmi ni mò ń mú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé ìwé, ẹ pe ilé, ẹ sọ òótọ́ fún wọn bó ṣe ń ṣe yín. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹwàá ó ti fúyẹ́.

Kẹ́ ẹ tó kúrò, ẹ bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tó gbà á lọ́sẹ̀ yẹn, kì í ṣe lọ́dún tó kọjá. Títì Abuja sí Kaduna, mi ò ní fẹsẹ̀ rìn ín, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó rìn ín, àwọn ajínigbé ti ba ibẹ̀ jẹ́. Ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní July 2016, Idu l'Abuja ló ti ń gbéra, ó ń dúró ní Kubwa, Rigasa ní Kaduna ló ń parí sí. Wọ́n kọlu òun náà ní March 28, 2022, December ọdún yẹn ló tó padà sẹ́nu iṣẹ́, torí náà ẹ bèèrè bó ṣe ń lọ kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á bèèrè NIN lọ́wọ́ yín. Ní Kaduna mo tún bèèrè ọ̀nà kí n tó rin ìgbésẹ̀ kan.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá padà sẹ́sẹ̀ rírìn, ìdajì ohun tẹ́ ẹ máa ń rìn tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ rìn, bó ti wù kí ara yá yín tó. Lẹ́yìn wákàtí àkọ́kọ́, ẹ dúró, ẹ jókòó, ẹ bọ́ bàtà méjèèjì, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ wá ibi tó gbóná lẹ́sẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ti lẹ pílásítà mọ́ ọn kó tó di ìléròrò.